Ẹ Bi Wá Léèrè: Olórí tí a yàn, tí a kò fún ní àyè

Akoka ni lẹ́tà méjì ti wá lóṣù yìí, àwọn yòókù wá láti Yábàá, Ìkòròdú, Ọ̀jọ́, Múṣín àti Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n wọ́n jọra bí ìbejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi jẹ olórí ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀yà rẹ̀, ìpèníjà ara rẹ̀, tàbí jíjẹ́ obìnrin rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ ojú àwọn èèyàn kí wọ́n tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má rò pé iye ló ń sọ èèyàn di ará ẹ̀yìn. Obìnrin lè pọ̀ ju ọkùnrin lọ nínú kíláàsì kan, kó sì jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó ti àpò owó. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ èèyàn àti ti ilé-ẹ̀kọ́ kúrò.

"Igbákejì ààrẹ ni mí, omi àlejò ni wọ́n ní kí n máa rà"

Wọ́n dìbò yàn mí ní igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa. Láti ọjọ́ tí a ti búra, kí n ra omi, kí n to àga, kí n gbé òdòdó fún àlejò ni iṣẹ́ tí mò ń rí ṣe. Ìpàdé tí wọ́n ti ń pín owó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin. Láti Ìkòròdú ni mo ti ń wá sílé-ẹ̀kọ́. Kí ni kí n ṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta, Akoka)

Ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa pé ipò igbákejì ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún obìnrin, bí ìgbà tí èèyàn fún ọmọ ní àkàrà kó má baà ké. Nítorí náà, wá ìwé òfin ẹgbẹ́ yín, kí o ka ibi tí iṣẹ́ igbákejì wà. Nínú púpọ̀ wọn, ohun méjì péré lo máa bá níbẹ̀: pé yóò dúró fún ààrẹ bí ààrẹ kò bá sí nílé, àti pé yóò ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ààrẹ bá gbé fún un. Inú ọ̀rọ̀ kejì yẹn ni omi àti òdòdó ti ń jáde.

Má bá wọn jà lórí omi. Jókòó, kọ ojú ìwé kan ṣoṣo, kí o fi béèrè iṣẹ́ mẹ́ta tó ní owó tàbí ìpinnu nínú. Bí àpẹẹrẹ: kí o jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìgbáyégbádùn, kí o wà lára àwọn tó ń bá olórí ẹ̀ka yín jókòó lórí ọjọ́ tẹ́sìtì, kí o sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn méjì tí báǹkì mọ ìbuwọ́lù wọn. Gbé e wá sí ìpàdé, kí o sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ kíkọ̀ náà síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ̀. Ó rọrùn láti fi ẹ̀rín sọ pé "rárá" fún obìnrin; kí wọ́n fi bírò kọ ọ́ ló ṣòro.

Ní ti omi, ẹ pín in. Ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́fà, oṣù mẹ́fà, orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan lára ògiri. Ààrẹ náà á ra tirẹ̀.

Ìpàdé alẹ́ ló le jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ọ̀rọ̀ kí ìpàdé ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan ni kí o ní kí wọ́n fi kún òfin yín: ìpinnu tí a bá ṣe níbi tí ọmọ ìgbìmọ̀ kan kò lè wọ̀, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò tíì di ìpinnu títí a ó fi kà á sókè nínú ìpàdé ọ̀sán. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, kí wọ́n kọ ọ́ sórí WhatsApp ìgbìmọ̀, kí wọ́n fún oníkálukú ní wákàtí mẹ́rìnlélógún láti dáhùn. Wákàtí kan kò tó. Ẹni tó wà nínú danfo láàárín gọ́sìlóò Ìkòròdú, tí dátà rẹ̀ ti tán, kò ní rí i kí wọ́n tó ní òun gbà.

"Adití ni akọ̀wé tuntun wa"

Olùkọ́ tó ń dámọ̀ràn fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Àwọn ọmọ dìbò yan adití gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, inú wa sì dùn. A ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ èdè ọwọ́ máa túmọ̀ fún un. Lóṣù kejì ọ̀rẹ́ náà kò wá mọ́, akọ̀wé sì kàn ń jókòó wò wá. (Yábàá)

Ọ̀rẹ́ yẹn ní ìwé tirẹ̀ láti kà, kò sì sí bí èèyàn ṣe máa fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì kó tún ráyè sọ èrò ara rẹ̀ nínú ìpàdé kan náà. Ẹni méjì lẹ gba ohùn lẹ́nu wọn láìmọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi akọ̀wé fúnra rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́. Kì í ṣe gbogbo adití ló ń lo èdè ọwọ́: ẹni tí etí rẹ̀ di lẹ́yìn tó ti dàgbà lè fẹ́ kí wọ́n máa tẹ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà fún òun. Àwọn tó gba ilé-ìwé adití kọjá sábà máa ń lo èyí tó fara pẹ́ ti Amẹ́ríkà, nítorí Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí òun náà jẹ́ adití, dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1960, èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ló sì gbé wá. Ẹni tó dàgbà sáàárín ẹbí nìkan lè ní àmì tó yàtọ̀, ògbufọ̀ tó mọ ọ̀kan sì lè kọsẹ̀ nínú èkejì.

Bí ògbufọ̀ ló bá fẹ́, ìpàdé tó bá ju wákàtí kan lọ gba ẹni méjì, tí wọn yóò máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní ogún ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú. Ọpọlọ ló ń rẹ̀ wọ́n ju ọwọ́ lọ. Ẹni tó bá dá a ṣe ju ìdajì wákàtí lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Bí owó ẹni méjì kò bá sí, ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín. Ẹ lè béèrè ògbufọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn adití ẹ̀ka Èkó, lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ìwé adití bíi Wesley ní Sùúrùlérè, tàbí nínú ìjọ tó ní ìsìn fún adití. Ẹ bá wọn dá iye tí wọ́n máa gbà ní wákàtí kan, kí ẹ fi owó ọkọ̀ kún un, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ fẹ́ jíròrò ránṣẹ́ sí wọn ní ọjọ́ méjì ṣáájú pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ máa dárúkọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ìka sọ orúkọ. Bí ògbufọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé "Olúwatómilọ́lá" níbẹ̀, kó tó fi ìka kọ ọ́ tán, ìpàdé ti lọ ní gbólóhùn mẹ́ta.

Ó wá ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í rò, òun gan-an ló sì kan yín jù nítorí akọ̀wé ló jẹ́: ojú tó ń wo ọwọ́ ògbufọ̀ kò lè wo ìwé. Bó bá tẹ orí ba láti kọ gbólóhùn kan, ó ti pàdánù méjì. Ẹ yan igbákejì akọ̀wé tí yóò máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde, kí akọ̀wé gbà á lẹ́yìn ìpàdé, kó tò ó, kó sì buwọ́ lù ú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí igbákejì gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí pé òun ló mú bírò dání.

Kí ògbufọ̀ jókòó ti alága, kí akọ̀wé kọjú sí àwọn méjèèjì. Kí fèrèsé má wà lẹ́yìn ògbufọ̀, torí oòrùn á sọ ojú rẹ̀ di òjìji, bẹ́ẹ̀ ojú wà lára èdè náà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á na ọwọ́, alága á nàka sí i, kó tó la ẹnu. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ọ̀kan ni ògbufọ̀ lè mú, ẹni tó lóhùn jù ló sì máa ń mú. Ẹ tún ra iná alágbára bátìrì kan, kí ẹ máa gba iná sí i láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ sì gbé e síbi tí yóò ti tàn sára ògbufọ̀, kó má tàn sí akọ̀wé lójú. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ní aago méje alẹ́, ẹ̀yin yòókù á máa bá ọ̀rọ̀ lọ nínú òkùnkùn; ti akọ̀wé nìkan ni ìpàdé parí.

Akọ̀wé ni kí ẹ máa wò bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀. "Bá mi bi í" kò dáa létí ẹni tó jókòó síwájú yín.

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òfin pé ẹ kò ní fi fóìsì nóòtù ṣe ìpinnu kankan lórí WhatsApp. Ẹni tó bá rán an gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Òdìkejì èyí ló ń dààmú olórí tí kò ríran: fóìsì nóòtù dùn mọ́ ọn, àwòrán ìpolówó ni kò lè kà. TalkBack tó wà lórí fóònù Android á ka ohun tí ẹ bá tẹ̀ fún un ketekete, àmọ́ bó bá dé orí àwòrán tí ẹ kọ ọjọ́ àti gbọ̀ngàn sí, ó lè máà sọ ju pé àwòrán wà níbẹ̀. Ẹ tẹ ọjọ́, aago àti ibi ìpàdé sí abẹ́ gbogbo àwòrán. Ìwé tí ẹ kàn ya fọ́tò rẹ̀ tí ẹ sọ di PDF, bákan náà ló rí.

"Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ́fíìsì ẹgbẹ́"

Wíìlìṣíà ni mò ń lò, mo sì fẹ́ du ipò akápò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló máa ń gbé mi gun àtẹ̀gùn bí àpò ìrẹsì. Káfíńtà kan ní òun lè fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, pé mítà méjì ti tó. Ṣé òótọ́ ni? (Ìkòròdú)

Kò tó rárá. Ìwọ̀n tí àwọn akọ́lé ń lò ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 ní gíga á gba sẹ̀ǹtímítà 12 ní gígùn. Bí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 45. Ọ̀nà yín yóò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 540, ìyẹn mítà márùn-ún àti ogójì sẹ̀ǹtímítà. Àyè tí káfíńtà rí ló wọ̀n, kò wọn wíìlìṣíà. Lórí mítà méjì, kẹ̀kẹ́ máa fẹ́ dà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ẹni tó ń tì í á sì máa yọ̀.

Kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, ó kéré tán, kí etí rẹ̀ méjèèjì yọ sókè díẹ̀ kí táyà iwájú má baà já sísàlẹ̀. Lókè, lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ẹ fi ibi pẹrẹsẹ tó tó sẹ̀ǹtímítà 150 ní òró àti ní ìbú sílẹ̀. Èyí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Bí ìlẹ̀kùn bá ń ṣí síta tí kò sí ibi pẹrẹsẹ, wàá ní láti fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ kí o tó lè ṣí i. Pákó lásán á máa yọ̀ nínú òjò oṣù kẹfà. Bí owó bá wà, bíríkìlà ni kí ẹ pè, kó fi ìgbálẹ̀ gbá ojú sìmẹ́ǹtì náà ní ìbú kó tó gbẹ, kó lè ní eyín.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ yín. Bí kò bá sí mítà márùn-ún àti àbọ̀ níwájú ọ́fíìsì, kíkó ọ́fíìsì lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ á dín náwó, á sì yá. Lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ dárúkọ òfin nínú rẹ̀: òfin àpapọ̀ lórí àwọn tó ní ìpèníjà ara, ti ọdún 2018, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara ṣe. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù kìíní 2024. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin tirẹ̀ láti 2011, àjọ LASODA ló sì ń mójú tó o. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn.

Ní alẹ́ tí àwọn olùdíje máa sọ ètò wọn, ní kí máìkì wá bá ọ níbi tí o jókòó sí. Dípò kí wọ́n gbé ọ gun orí pèpéle lójú gbogbo èèyàn, ó sàn kí gbogbo olùdíje sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀.

"Ọjọ́ àṣà nìkan ni wọ́n ń rántí wa"

Ọmọ Ègùn láti Àgbádárìgì ni wá, a sì ní ẹgbẹ́ kékeré nílé-ẹ̀kọ́. Lọ́dọọdún wọ́n á ní ká gbé ìlù Sátò wá, ká mú Zangbeto wá. Àwa la ń san owó ọkọ̀ àwọn onílù. Bí ọ̀rọ̀ owó tàbí ilé gbígbé bá dé, ẹnì kankan kì í pè wá. Ṣé ká kọ̀ lọ́dún yìí? (Ọ̀jọ́)

Ẹ má kọ̀ o. Ẹ fi iye lé e. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan: onílù mélòó, ọkọ̀ láti Àgbádárìgì sí Ọ̀jọ́ àti àpadàbọ̀, oúnjẹ, ẹni tó máa ṣọ́ ìlù. Kí wọ́n san ìdajì kí ọkọ̀ tó gbéra. Kí ọmọ ẹgbẹ́ yín kan sì wà nínú ìgbìmọ̀ ọjọ́ àṣà láti ìpàdé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti ń pín owó. Ẹni tí wọ́n pè ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ijó nìkan ló kù fún un. Ẹni yẹn náà ni kó ka ìwé ètò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ Ògù lẹ ń pe ara yín, Ògù ni kí wọ́n kọ.

Ní ti Zangbeto, ẹ mọ̀ ju wa lọ pé ọdẹ òru ni, kì í ṣe eré ìdárayá. Bí àwọn àgbà nílé bá ní kó má jáde, lẹ́tà onílà méjì ti tó láti fi sọ ọ́, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Ẹ wá kó ara yín jọ lórí ìwé. Orúkọ, ẹ̀ka àti ọdún tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà, olùkọ́ kan tó gbà láti dámọ̀ràn fún yín, àti ìwé òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ìwé méjì. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹgbẹ́ tí kò sí nínú ìwé kì í rí gbọ̀ngàn gbà, wọn kì í sì í pè é sí ìpàdé.

Olórí yín tún kọ̀wé lọ́tọ̀ pé olùkọ́ kan kò yé pe òun síwájú kíláàsì láti ṣàlàyé "bí àwọn ará Màkókò ṣe ń ronú", torí pé Ègùn pọ̀ níbẹ̀. Ó lè sọ báyìí: "Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi, sà. Àwọn èèyàn wa pọ̀, mi ò lè gbẹnu sọ fún gbogbo wọn. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín wá àgbà kan tó ń gbé ibẹ̀." Kó sọ ọ́ ní ọ́fíìsì olùkọ́ náà, lẹ́yìn kíláàsì. Olùkọ́ tí ojú bá tì níwájú ọgọ́rùn-ún ọmọ kì í tètè gbàgbé.

"Máàkì ọmọ mi ti já, ṣé kó fi ipò sílẹ̀?"

Àfín ni ọmọ mi, òun ló kọ́kọ́ wọ yunifásítì nílé wa. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara. Máàkì rẹ̀ ti já láti 3.60 sí 3.28. Mo ní kó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó ń sunkún. (Ìyá kan, Múṣín)

Ẹ kú ìrọ́jú, Màámi. Ẹ jẹ́ ká ṣí ìṣirò náà wò: A jẹ́ póìǹtì 5 fún yúníìtì kan, B jẹ́ 4. Bó bá ti ṣe yúníìtì 80 ní 3.60, ó ní póìǹtì 288. Sáà kan péré tó burú, yúníìtì 20 ní 2.00, fi 40 kún un: póìǹtì 328 tí a pín sí yúníìtì 100, òun ni 3.28 yẹn. Bó bá fẹ́ padà sí 3.50, níbi tí ìpele kejì òkè ti ń bẹ̀rẹ̀, láàárín sáà kan, á ní láti gba 4.60 nínú yúníìtì 20, ìyẹn ni pé A ló máa pọ̀ jù. Bó bá pín in sí sáà méjì, 4.05 ló máa gbà nínú yúníìtì 40, ìyẹn B, pẹ̀lú A díẹ̀. Èyí ṣeé ṣe. Nítorí náà, kó fi sáà méjì dá a padà, kó má fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu lórí sáà kan ṣoṣo.

Kó tó fi ipò sílẹ̀, kó kọ gbogbo wákàtí ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Irú olórí báyìí, wọ́n ń pè é láti bójú tó wàhálà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, láti Akoka dé Ojúẹlẹ́gba, kò sì sẹ́ni tó ń kà á. Wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ni kí iṣẹ́ ẹgbẹ́ mọ. Èyí tó bá kọjá rẹ̀, igbákejì ló ni ín. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdánwò, igbákejì ni olórí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin wọn kó má baà dà bí ẹ̀bẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá rán an lọ ibì kan ní ọjọ́ tẹ́sìtì, kó gba lẹ́tà kó tó lọ. Lẹ́tà tí wọ́n kọ lẹ́yìn tẹ́sìtì, àwáwí ni olùkọ́ máa kà á sí.

Ẹ tún bi í bóyá ó ń rí pátákó. Ọ̀pọ̀ àfín ni ojú wọn kì í rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, bí wọ́n sì ti ń sáré láti ìpàdé sí kíláàsì, ìjókòó ẹ̀yìn ló máa ń kù fún wọn. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìdánwò tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ àti àfikún àkókò. Kó kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ìpàdé ìta gbangba rẹ̀ náà, kó sún un sí lẹ́yìn aago mẹ́rin, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀.

"A fẹ́ ná ₦300,000 lé wọn lórí"

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ mẹ́jọ ni wá, a fẹ́ ran olórí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ́wọ́, àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ kò kà sí. Ẹnì kan nínú wa ní ká se àpèjẹ, ká fún wọn ní àwo ìyìn. (Ìsàlẹ̀ Èkó)

Ẹ dákun, ẹ fi àwo sílẹ̀. Wọn ò lè fi wọ danfo.

Bó bá jẹ́ tiwa, ₦120,000 á lọ sí owó ọkọ̀ àti dátà: ₦5,000 fún ẹni kọ̀ọ̀kan lóṣù, fún oṣù mẹ́fà. ₦100,000 á wà fún ògbufọ̀ àti ohun tó jọ ọ́. ₦50,000 á wà nílẹ̀ fún ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì. ₦30,000 tó kù, ìwé títẹ̀.

Ẹ san owó ọkọ̀ ṣáájú. "Ná a ná, a ó dá a padà" ló ń lé ọmọ tálákà kúrò nípò olórí láì sẹ́ni tó lé e: ọmọ tó ní ₦2,000 lọ́wọ́ kò lè ná ₦5,000 kó máa dúró de yín títí di ìparí oṣù, ọmọ olówó ló lè ṣe é. Ẹ má sì béèrè rìsíìtì danfo, kọ̀ńdọ́ tó máa já a fún wọn kò tíì dáyé. Ìwé kékeré kan ti tó, tí wọ́n á máa kọ ọjọ́, ibi tí wọ́n ti wọkọ̀, ibi tí wọ́n bọ́ọ́lẹ̀, iye àti ìbuwọ́lù sí.

Owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wọ àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Kì í ṣe torí olè nìkan. Bí fóònù ọmọ náà bá sọnù, tàbí tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn lọ́jọ́ kan náà, owó á dàpọ̀, ẹni tí àwọn kan ti ń wá ọ̀nà àtiyọ nípò á sì di ẹni tó "kó owó jẹ". Àkáǹtì tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù kí owó tó jáde ni kí ẹ lò. Bí kò bá sí, kí ọ̀kan nínú yín di owó mú, kó máa san án tààrà fún ògbufọ̀ tàbí atẹ̀wé.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń gba owó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ₦20,000 tí wọ́n ń fún un lóṣù fún ìgbọ́bùkátà, gbèsè ọrùn rẹ̀ ni, yóò san án padà lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má kà á mọ́ owó tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́. Àti fọ́tò: ẹ má ní kí wọ́n mú owó dání kí ẹ yà wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ju owó lọ, kí ẹnì kan nínú yín máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ìdajì wákàtí lóṣù, kó sì ṣe tán láti kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún un nígbà tó bá ń wá iṣẹ́.

"Bí olórí bá ti jáde, ẹgbẹ́ a kú"

Lọ́dọọdún la ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kí ni kí olórí tó ń jáde fi lé ẹni tuntun lọ́wọ́? (Akoka)

Kí ẹ yan ẹni tuntun láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, kó máa tẹ̀lé olórí kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó búra fún un. Lẹ́yìn náà, ìwé kan: ẹni tí ẹ ń rí ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù gbọ̀ngàn, gbèsè tó wà nílẹ̀, lẹ́tà tí ẹ kọ tí wọn kò tíì fèsì, àti ohun tó ń lọ láàárín yín àti àwọn ẹgbẹ́ yòókù, láìfi bò. Páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì á wà nínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ pa, lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń dámọ̀ràn fún yín.

Nọ́ńbà tí ẹ fi ṣí WhatsApp ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń jáde. Ẹ ra SIM tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ fi í sínú fóònù kékeré tó ń gbé ọ́fíìsì, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí NIN rẹ̀ wà lórí rẹ̀ sínú ìwé yẹn, torí bí SIM bá bàjẹ́, ẹni yẹn nìkan ni ilé-iṣẹ́ fóònù máa dá lóhùn. Kí akápò máa fi káàdì ₦100 sí i lóṣooṣù, kó sì fi pe ẹnì kan. Nọ́ńbà tó bá sùn pẹ́ jù, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn.